Téèpù Ọmọ Mi Ni Wọ́n Fi Wọ̀n Mí

Gbogbo obìnrin ilé wa ló tóbi. Ní àdúgbò wa, Bẹ́yẹrúnkà, tí wọ́n bá ti rí ìbàdí wa lókèèrè, wọ́n á ti mọ ilé tó ń lọ. Ìyá mi tóbi, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tóbi jù ú lọ, èmi náà ò kéré, ìyá ìwọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sì gbà á lọ́wọ́ mi. A ò kà á sí àìsàn. Ẹni tí ara rẹ̀ bá kún, wọ́n á ní ọkọ ń tọ́jú ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, ọṣẹ dúdú ló ń tà l'Ọ́jà'ba. Ojúlé kejì sí wa ló fẹ́ ọkọ sí, àgbàlá kan náà la jọ ń lò. Kókó kan yọ sí i lọ́yàn, ó ń fi ìró bò ó títí tó fi di egbò. Ìgbà tó máa fi dé ọsibítù, jẹjẹrẹ ti jẹ ẹ́ jìnnà. Ó kú. Orogún rẹ̀ ni mo fura sí. Òun ló ń fọ aṣọ rẹ̀ kẹ́yìn, ó gbẹ bí ìgbálẹ̀, kò sì sunkún tó bó ṣe yẹ. Tó bá kí mi, imú ni mo fi ń dáhùn.

Ó pẹ́ díẹ̀, nígbà tí àwọn sójà ṣì ń ṣèjọba, dókítà obìnrin kan àti nọ́ọ̀sì kan láti ọsibítù tí wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi lọ wọ àgbàlá wa lẹ́yìn ìrun Alásàárì. Ẹ̀jẹ̀ èmi àti ti ọmọ mi, ìyá rẹ, ni wọ́n fẹ́.

Mo ní, "Ẹni tó ṣàìsàn ti kú. Kí lẹ fẹ́ fi ẹ̀jẹ̀ èmi tí ara mi le ṣe?"

Dókítà ní, "Màmá, ọ̀rá ara kì í jókòó lásán. Ó ń ránṣẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ń sọ fún ọpọlọ pé a ti yó, ó sì lè máa bá ọyàn sọ̀rọ̀ náà. Bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń rìn, a máa ń jogún ẹ̀ nínú ẹbí. Ó lè wà lára ohun tó ń ṣílẹ̀kùn fún jẹjẹrẹ."

"Ó lè wà?"

"A ò tíì mọ̀ dájú, Màmá. Ohun tó gbé wa wá nìyẹn."

"Ẹ ò mọ̀, ẹ wá gbé abẹ́rẹ́ dání."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó fa téèpù yọ nínú báàgì pé òun fẹ́ wọ̀n mí ní ìbàdí. Mo dìde.

"Nílé wa, òkú ni àlejò ń wọ̀n. Àwọn tó ń gbẹ́ sàréè ló ń mú okùn wọlé báyìí. Òdì kejì àgbàlá yìí ni wọ́n ti wọ̀n ẹ̀gbọ́n mi."

"Màmá, téèpù ni, kì í ṣe okùn."

"Ta lẹ fi wọ̀n kẹ́yìn?"

Mo ti fẹ́ ní kí wọ́n máa lọ, ni ìyá rẹ, tó ń ṣiṣẹ́ aṣọ rírán ní Bẹẹrẹ láyé ìgbà yẹn, bá yọ téèpù tirẹ̀ kúrò lọ́rùn.

"Màmi, ẹni tí mo bá fi èyí wọ̀n, aṣọ ọdún ló ń retí."

Òun fúnra rẹ̀ ló wọ̀n mí. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti jókòó, ó ti na apá sí abẹ́rẹ́.

"Tó bá jẹ́ pé inú wa ló wà, ṣé ẹ ò fẹ́ mọ̀ ni?"

Mi ò fẹ́ mọ̀. Orogún ṣeé fura sí, èèyàn lè tìlẹ̀kùn mọ́ ọn. Èyí tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ẹni ńkọ́?

Kí wọ́n tó lọ, dókítà kọ́ wa bí a ó ṣe máa fi ìka tẹ ọyàn wò. Wọ́n ní tí a bá rí kókó, kí a má fi ìró bò ó. Wọ́n ní jẹjẹrẹ ń ṣe àwọn tó gbẹ náà. Orogún ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ gbójú sókè.

"Ẹ wo èmi náà," ló wí. "Èmi ni mo wẹ egbò yẹn títí ó fi kú, kò sẹ́ni tó bèèrè bó ṣe ṣe mí."

Mo sún fún un lórí ẹní.

Àwọn dókítà ò padà wá sọ nǹkan kan. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ wa ṣe, ọkàn mi ò sì balẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n tí ìyá rẹ bá wá kí mi láti Òkè-Àdó, mi kì í jẹ́ kó jókòó. Á ní, "Màmi, mo ti yẹ ara mi wò nílé."

Mo máa ní, "Wọ yàrá. Bọ́ bùbá."