Ọjọ́ tí Bàbá Mi Ka Lẹ́tà fún Kọ̀ǹpútà

Ọmọbìnrin àbúrò mi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú-ewé orí íńtánẹ́ẹ̀tì báyìí. Ó ṣàlàyé fún mi pé HTML ló ń gbé ọ̀rọ̀ ka ojú-ewé, CSS ló ń kùn ún lọ́dà, JavaScript ló sì ń jẹ́ kí ó dáhùn bí ènìyàn bá tẹ̀ ẹ́. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní mo ti ṣe irú rẹ̀ rí ní ìlú Atakpamé, kí ẹnikẹ́ni ládùúgbò wa tó gbọ́ orúkọ íńtánẹ́ẹ̀tì. Kò gbà mí gbọ́, ni mo bá jókòó sọ ọ́ fún un.

Ó kù díẹ̀ kí àwọn ọdún 1980 parí. Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan lórí òkè. Obìnrin Faransé kan tí a jọ ń kọ́ni, tí gbogbo wa ń pè ní Madamu, gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan bọ̀ láti ìlú rẹ̀. Kò tóbi ju ìwé ńlá méjì tí a tò léra. Ara tẹlifíṣọ̀n la ń so ó mọ́, kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gbọ́ orin la sì fi ń tọ́jú iṣẹ́ tí a bá ṣe.

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Madamu fún mi ni kí n mú kí ẹ̀rọ náà kọ orúkọ mi. Mo gbàgbé àmì kan ṣoṣo, ẹ̀rọ náà sì bá mi wí ní Faransé pé mo ṣàṣìṣe. Mo tún un kọ, orúkọ mi yọ gedegbe. Mo pariwo débi pé ọ̀gá wa sáré wọlé, ó rò pé ejò ni. Lọ́sẹ̀ kejì mo kọ́ bí a ṣe ń fi àwọ̀ sí i. Lọ́sẹ̀ kẹta, ẹ̀rọ náà lè béèrè orúkọ ẹni kí ó sì kí ẹni náà.

Ọjọ́ tí àwọn òbí máa ń wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn ti ń súnmọ́. Mo fẹ́ kí ẹ̀rọ náà kí wọn ní èdè Ifẹ̀ tí àwa ará Atakpamé ń sọ nílé.

Madamu ní, “Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ yìí kò ní E àti O yín tó yàtọ̀ sí ti Faransé.”

“Kí la máa wá ṣe?”

“Ìwọ fúnra rẹ ni kí o yà wọ́n.”

Ó fi hàn mí. Àpótí kéékèèké mẹ́jọ ní ìbú, mẹ́jọ ní gígùn, nínú ìwé onílà. Èyí tí mo bá kùn ní dúdú, oókan ni n ó tẹ̀ fún un. Èyí tí mo bá fi sílẹ̀, òfo. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ya lẹ́tà méjì. Àkọ́kọ́ jọ ọkọ́ tó ti kán.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, bàbá mi wá láti Datcha, abúlé wa. Àgbẹ̀ ni. Kò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n ó ti kọ́ ìwé Ifẹ̀ kíkà ní ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn tí orí rẹ̀ ti hewú. Bí a ṣe ń palẹ̀ mọ́ ni iná lọ. Ó tún dé kíá, àmọ́ gbogbo iṣẹ́ mi ti pa rẹ́ nínú ẹ̀rọ. A ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́, téèpù rẹ̀ lọ́ mọ́ra. Madamu mú pẹ́ńsù, ó ń gbìyànjú láti wé e padà. Àwọn òbí ti kún àgbàlá.

Mo ṣí ìwé mi. Mo mọ àwọn àṣẹ yòókù lórí, ṣùgbọ́n fún lẹ́tà méjèèjì, mo nílò ẹni tí yóò máa kà á kí n máa tẹ̀ ẹ́.

Bàbá ní, “Gbé e wá.”

“Bàbá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ o. Dúdú àti funfun lásán ni.”

“Mo rí i. Ebè tí a gbin iṣu sí àti ebè òfìfo ni.”

Ó bẹ̀rẹ̀: “Òfo, òfo, iṣu, iṣu, iṣu, iṣu, òfo, òfo.” Mo ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀lé e. Nígbà tí a dé ìlà karùn-ún, ó fi ìka kan ojú tẹlifíṣọ̀n.

“Dúró. O fo ebè kan. Méje péré ló wà níbí.”

Mo kà á. Méje ni lóòótọ́. Mo tún un ṣe, a sì ń bá a lọ títí a fi parí.

Mo pàṣẹ fún ẹ̀rọ náà. Ojú tẹlifíṣọ̀n pọ́n bí ọsàn, ọ̀rọ̀ yọ síta: *Ẹ kú àbọ̀.*

Bàbá mi kà á sókè, ó sì dáhùn, “Ẹ kú ilé o!”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ náà béèrè orúkọ rẹ̀. Ìka kan ló fi ń wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ jáde pẹ̀lú *àlàáfíà ni bí?* lábẹ́ rẹ̀, ó ṣí fìlà.

“Ó mà gbọ́ èdè wa,” ló wí.

“Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ.”

Àwọn òbí tò sẹ́yìn rẹ̀. Ìyá kan láti Agbonou tẹ orúkọ ọmọ rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Bàbá mi ò kúrò nídìí tábìlì: “Lẹ́tà A wà lókè, lápá òsì. Lẹ́tà O wà lápá ọ̀tún. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́.” Madamu ń kígbe “Ẹ kú àbọ̀” sí gbogbo ẹni tó wọlé, ohùn rẹ̀ ń ṣì, inú gbogbo wọn ń dùn.

Nírọ̀lẹ́ a jọ wọ takisí lọ sí Datcha. Ó sọ ìtàn náà fún awakọ̀, ó sọ ọ́ fún obìnrin tó gbé adìẹ lé itan, ó tún sọ ọ́ fún awakọ̀ náà lẹ́ẹ̀kejì. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀, nínú ìtàn rẹ̀, òun nìkan ló ti ya lẹ́tà méjèèjì, èmi ni mo kàn ń gbé ìwé dání fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí.