Ọwọ́ Ọ̀tún Pàpá

Ojú ṣì ń tì mí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí tí mo bá kọ́kọ́ ṣàlàyé, màá gbè sẹ́yìn ara mi.

Ní Soundview, nílùú New York níbí, ni mo ti ń tọ́jú bàbá òyìnbó kan. Pàpá ni mò ń pè é. Ó ń dá gbé, ọ̀rọ̀ ò sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì tí mo débẹ̀, ó mu tíì tán, ó na ife sí mi. Ọwọ́ òsì!

Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà l'Ábẹ́òkúta, tí ìyá mi gbá lọ́wọ́ títí nítorí òsì yìí kan náà? Mo káwọ́ gbera. Mo ní, "Pàpá, níbi tí mo ti wá, wọn kì í na ọwọ́ òsì sí ọmọlúàbí. Ẹ fi ọ̀tún gbé e wá." Ó wò mí, ó wo ife. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbé e sí ọ̀tún. Ife ń gbọ̀n, ìwọ̀nba tíì tó ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ rẹ̀ dà sí i lẹ́sẹ̀. Mo pòṣé. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Báyìí la bá a lọ fún oṣù mẹ́ta. Rìmóòtù, kọ́kọ́rọ́, àwo oúnjẹ, ọ̀tún ni gbogbo rẹ̀. Tó bá gbàgbé, màá kàn dúró, màá máa wò ó, títí táá fi pààrọ̀ ọwọ́. Mo tiẹ̀ ń fi yangàn ní ṣọ́ọ̀ṣì: "Mo ti kọ́ òyìnbó mi lẹ́kọ̀ọ́ ilé o!" Gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín. Ìwé ìtọ́jú rẹ̀ wà lára fìríìjì. Ojú ewé àkọ́kọ́, ibi tí oògùn wà, ni mo kà. Mi ò ṣí èkejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, ọmọbìnrin rẹ̀ wá kí i. A jọ ń wo béèsìbọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń fi igi gbá, lórí tẹlifíṣàn. Pàpá mu tíì tán, ó fi ọ̀tún na ife sí mi, ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ọmọ rẹ̀ fò dìde.

"Dádì! Kí lẹ ń fi apá yẹn gbé nǹkan fún?"

Pàpá ní, "Wọn kì í gba nǹkan lọ́wọ́ òsì nílẹ̀ wọn."

Ọmọ náà mú mi lọ sí kíṣìnnì. Kò pariwo, ìbá sàn kó pariwo. Ó ní bọ́ọ̀lù yẹn ni bàbá òun fi ṣiṣẹ́ ṣe nígbà ọ̀dọ́. Bàbá náà ló máa ń jù ú sí ẹni tó mú igi dání, apá ọ̀tún yẹn ló sì fi ń jù ú. Ìjọba mú un lọ sógun Vietnam. Àfọ́kù bọ́ǹbù wọ èjìká ọ̀tún rẹ̀, òmíràn ṣì wà níbẹ̀ dòní. Kò ju bọ́ọ̀lù mọ́ láé.

Mo ṣí ojú ewé kejì. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà: kó má fi apá ọ̀tún gbé nǹkan kan.

Háà, mo ti ṣìkà! Mo padà sí pálọ̀, mo kúnlẹ̀. "Pàpá, ẹ dárí jì mí. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?"

Ó ní, "Mi ò fẹ́ rí ọ fín."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé òsì ni kó máa lò. Ó gbà. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀tún náà ló tún nà sí mi, ó ti mọ́ ọn lára. Ní báyìí, kó tó mu tíì tán ni mo ti ń sáré lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí n lè gba ife náà lórí orúnkún rẹ̀ kó tó fi ọ̀tún gbé e. Nígbà mìíràn, mi ò kì í tètè dé.