Sátidé Tí Ẹnikẹ́ni Kò Lọ Aṣọ

Bí òórùn ike tó gbóná bá kàn mí nímú, ilé ayálégbé tí a gbé ní Òkè-Ìlá ni ọkàn mi máa ń sá padà sí. Ẹ̀rọ géèmù ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló máa ń rùn bẹ́ẹ̀ tó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà á rántí irú rẹ̀: a ó fi ẹnu fẹ́ eruku kúrò nídìí kásẹ́ẹ̀tì, a ó kì í bọ inú ẹ̀rọ, a ó sì máa bẹ̀ ẹ́ kó jọ̀ọ́ kó tan. Ẹ̀rọ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń rántí ibi tí èèyàn gbá a dé. Bí iná bá lọ báyìí, kí o tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Àìsàn yìí ló lé e kúrò nílé ìwé kó tó ṣe ìdánwò àṣejáde, òun náà ló sì gba iṣẹ́ aṣọ rírán tó ń kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ìrora bá jẹ́ kó sinmi díẹ̀, géèmù kan ṣoṣo ló máa ń gbá, ti ọkùnrin kékeré kan tó ń fo kòtò, tó ń gun òkè, tó ń wá ọ̀nà ilé. Ọwọ́ máa ń dùn ún, nítorí náà á gbá díẹ̀, á dá a dúró, á fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹ̀rọ á sì wà ní títàn títí yóò fi jí. Màmá mi kò fẹ́ràn nǹkan náà rárá. Aládùúrà paraku ni wọ́n, wọ́n ní ohun tó ń pariwo tí kò ní ọ̀fun, ti Ọlọ́run kọ́ nìyẹn.

Sátidé kan, ó kù díẹ̀ kó dé òpin géèmù náà ni ayálégbé kan ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, ni fíùsì ilé bá jó. Tẹlifíṣọ̀n kú. Ẹ̀gbọ́n mi kò bínú. Ó kọjú sí ògiri, ó ní, "N ò parí nǹkan kan rí láyé mi." Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí gbogbo ilé ń tẹ́ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láti lọ̀ ọ́, màmá bẹ̀rẹ̀ sí í ti yàrá dé yàrá. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mọ́ lọ aṣọ lónìí. Ọmọ mi fẹ́ parí nǹkan." Mo rò pé àwọn ayálégbé á fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Tíṣà tó ń gbé yàrá iwájú, tí ṣòkòtò rẹ̀ kì í fẹ́ rún rárá, kó aṣọ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì, ó ní, "Kò sí wàhálà, Ìyá Aládùúrà," ó sì wá jókòó tì wá. Àwọn yòókù ń wọlé ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi gbá a, ó sinmi, ó tún gbá a. Ọlọ́run bá wa ṣe é, iná kò ṣẹ́jú. Nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, ọkùnrin kékeré yẹn wọ ilé rẹ̀.

"Ṣé ó ti parí?" ni màmá bi í.

"Mo parí ẹ̀, Màmá."

Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú iná lọ. Màmá kì í jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù eléèédú kan sùtánà funfun wọn, nítorí náà rírún ni wọ́n wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kejì. Ìyá ìjọ kan bi wọ́n pé kí ló ṣe aṣọ wọn. "Ọmọ mi ló lo uná," ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ jókòó níwájú.

Ẹ̀gbọ́n mi kò pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Níbi ìsìnkú, ẹbí wa kan ń dárò pé ọmọ yìí kò rí ohun kan ṣe parí. Màmá gbé ojú sókè. "Ó parí ọ̀kan," ni wọ́n wí. "Ó ṣojú gbogbo ulé."

Géèmù tí ọmọ mi ń gbá lóde òní máa ń rántí fúnra rẹ̀ ibi tó dúró sí. Iná ìbáà lọ, kò sọ nǹkan kan nù, mo sì dúpẹ́ pé kò mọ irú àdánù yẹn. Àwọn tí kò rí rí ló ń bá gbá a láti òkè òkun. Bó bá borí, òun nìkan ni yóò pariwo nínú yàrá, àwa tó kù ò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìyẹn máa ń bà mí nínú jẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Nítorí náà, nígbà mìíràn mo máa ń wọlé lọ jókòó tì í. Yóò yọ ohun tó fi ń gbọ́ géèmù kúrò létí díẹ̀, á ní, "Dádì, ṣé ẹ fẹ́ nǹkan ni?"

Màá ní kó máa gbá a lọ, mo kàn fẹ́ kó ṣojú mi.