Máńgòrò Wo La Ó Gbìn Sẹ́yìnkùlé?

Kí n tó jókòó kọ èyí, kòtò ni mò ń gbẹ́ lẹ́yìnkùlé ilé wa ní Baṣọ̀run. Igi máńgòrò ni mo fẹ́ gbìn sí i, ṣùgbọ́n mi ò tíì mọ irú èyí tí màá gbìn.

Nígbà tí mo ṣì kéré, ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, ẹnu la fi ń yan máńgòrò. Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn òbí mi ti wá sí Ìbàdàn. Nígbà tí wọ́n kọ́lé yìí tán, igi kan ṣoṣo ni ilẹ̀ tó kù gbà. Bàbá mi fẹ́ máńgòrò Ògbómọ̀ṣọ́, tí fọ́nrán rẹ̀ máa ń há sí eyín, tí omi rẹ̀ ń ṣàn dé ìgúnpá. Ìyá mi fẹ́ ṣẹ́rì, tí kò ní fọ́nrán rárá.

“Bàbá wọn, ẹ̀yin tí eyín yín le, ẹ máa jẹ okùn.”

“Máńgòrò tí kò bá ènìyàn jà, ṣé máńgòrò nìyẹn? Ẹ̀kọ mímu ni.”

Ní gbogbo àsìkò máńgòrò ọdún náà, àwa ọmọ là ń tọ́ méjèèjì wò. Èyí tó bá dùn jù, a ó ri kóró rẹ̀ síbi tí omi balùwẹ̀ ń ṣàn gbà. Nígbà tí wọ́n hù, kò sẹ́ni tó lè sọ èwo ni ti ta. Bàbá mi fi èyí tó ga jù sílẹ̀, wọ́n fa ìyókù tu. Ọdún pọ̀ kó tó so. Ó ní fọ́nrán, ó tún ń kan bó ti wù kó pọ́n tó.

Màmá rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin ọmọ yìí ló jọ. Kò jọ èmi, kò jọ bàbá yín.”

Síbẹ̀, a máa ń jà sí i.

Bàbá ti kú. Ìjì wó igi náà lójò tó kọjá, kò sì sẹ́ni tó bèèrè rẹ̀. Àwọn àbúrò mi wà lókè òkun. Wọ́n ti sọ fún mi lórí fóònù pé àwọn ò ní padà wálé mọ́, pé tí Màmá ò bá sí mọ́, ká ta ilé. Mi ò sọ fún Màmá. Mo rò pé bí igi bá tún wà, bóyá wọ́n á ní ohun tí wọ́n ń wá jẹ.

Lánàá, mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta igi gbígbìn lẹ́bàá títì ní Jẹ́ríkò. Ó fi ọ̀kan hàn mí tí wọ́n lẹ ẹ̀ka igi mìíràn mọ́ ìdí rẹ̀.

“Mọ́mì, èyí ò ní pẹ́ so. Kò sì ní ga ju ilé yín lọ.”

“Ṣé ó dùn?”

“Mi ò tíì jẹ ẹ́ rí, mà.”

Bí wọ́n ṣe ń yan máńgòrò nísinsìnyí nìyẹn. Ewé ni wọ́n ń tà fún ọ, kò sí ọmọ tó ń tọ́ nǹkan kan wò.

Láàárọ̀ yìí, Màmá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n ń wò mí bí mo ṣe ń gbẹ́lẹ̀. Mo bi wọ́n pé, “Màmá, Ògbómọ̀ṣọ́ ni àbí ṣẹ́rì?”

Wọ́n wo kòtò náà títí.

“Èyí tó bá máa ní ìbòòji ni kó o gbìn. Ẹni tó bá ra ilé á rí ibi jókòó sí.”