Ẹni Tó Tún Ẹ̀rọ Ọkọ̀ Ojú Omi Ṣe

Ọ̀gá kan náà ló kọ́ èmi àti ọ̀rẹ́ mi níṣẹ́ wáyà mọ́tò ní Ìyìn. Ọdún mẹ́rin la fi sùn lórí ẹní kan. Bàtà kan ṣoṣo la ní fún ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tó bá kọ́kọ́ jí ló ń wọ̀ ọ́. Nígbà tí a gba fírídọ́ọ̀mù, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù nítòsí Fájuyì l'Ádó, òun sì ríṣẹ́ ìgbà díẹ̀ níbi adágún omi kan tí wọ́n sé lápá ọ̀nà Ìgèdè. Ọkọ̀ ojú omi ògbólógbòó kan tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ lọ ló ń tọ́jú. Òun ni wọ́n fi ń kó koríko tó bá bo ojú omi.

Ọdún tí àwọn ológun ń palẹ̀ mọ́ láti gbé ìjọba fún alágbádá ni ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó sórí táyà, ó ní kí n tú sítátà tó wà lọ́wọ́ mi tán ná.

"Uṣẹ́ mi fẹ́ bọ́," ó ní. Bí a ṣe ń pe iṣẹ́ nílé ló ṣe pè é.

Ó ní ẹ̀rọ kékeré oníná kan wà lẹ́yìn ọkọ̀ náà, tó ń gbé ẹ́ńjìnnì sókè tí omi bá fà, kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ má baà há sẹ́rẹ̀, tó sì ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ tí omi bá jìn. Ẹ̀rọ náà ti kú. Ọ̀gá àgbà wọn sì ti ní kó tún un ṣe kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

"N kò fọwọ́ kan irú rẹ̀ rí," mo sọ fún un.

"Iná náà ni. O sì mọ̀ pé o jù mí lọ níbi iná."

Bí mo ṣe ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án Sátidé nìyẹn, tí mo tẹ̀ lé e.

Mo kọ́kọ́ yẹ bátìrì wò, iná kún inú rẹ̀. Mo ní kó tẹ bọ́tìnnì. Mo gbọ́ tó dún kọ́, àmọ́ ẹ̀rọ kò yí. Mo ní gílóòbù kékeré kan tí mo so wáyà méjì mọ́. Òun ni mo fi tọ iná lẹ́yìn láti ìdí bátìrì títí dé ẹnu ẹ̀rọ náà. Ó tàn níbẹ̀. Iná ń dé, ẹ̀rọ ni kò gbà á. Mo tú u. Omi ti wọ inú rẹ̀, ó ti dípẹtà, kábọ̀n méjèèjì tó ń gbé iná sí i nínú ti jẹ tán. Kò sí irú rẹ̀ l'Ádó. Mo mú kábọ̀n sítátà Píjò, mo ń fi sáńpépà rin ín títí ó fi wọlé. Oòrùn mú gan-an. Ọ̀rẹ́ mi ń bu omi adágún sí mi lẹ́yìn ọrùn, ó ń pè mí ní ọ̀gá.

A dá a padà. Ẹ́ńjìnnì gbéra sókè, àmọ́ ó kọ̀, kò sọ̀ kalẹ̀. Mo tún mú gílóòbù mi. Rílè méjì ló ń ṣí ọ̀nà fún iná níbẹ̀, ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀. Mo gbé ti òkè sí àyè ti ìsàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì bọ̀ wálẹ̀. Rílè kan ló kú nìyẹn. Rílè fèrè mọ́tò ni mo fi rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí a fi máa palẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì náà ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, ọ̀rẹ́ mi sì dì mọ́ mi pẹ̀lú ọwọ́ gíríìsì.

Lẹ́yìn oṣù kan, oníbàárà mi kan sọ fún mi pé wọ́n ń wá oníná tí yóò máa bá wọn ṣiṣẹ́ títí lọ níbi adágún náà. Mo rò pé ọ̀rẹ́ mi kò tíì gbọ́ ni. Mo lọ bá a, mo ní, "Ó dà bíi pé a tún máa jọ ṣiṣẹ́ pọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ó ní. Bàtà rẹ̀ ló ń wò.

Nígbà tí mo dé iwájú ọ̀gá àgbà, ó bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni mo ti ṣe rí. Mo ní, "Èmi ni mo tún ẹ̀rọ tó ń gbé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi yín sókè ṣe, sà."

Ó fi bírò rẹ̀ lélẹ̀, ó ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ mi. "Arákùnrin yìí ní òun ló tún ẹ̀rọ wa ṣe."

Ọ̀rẹ́ mi wò mí lójú. Yorùbá ìwé ló fi dáhùn. "Rárá, sà. Èmi ni mo tún un ṣe. Ó wá kí mi lọ́jọ́ náà ni, ó jókòó sétí omi, ó ń wò mí. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un."

Mo lè ní kí wọ́n bi í léèrè ìdí tí ẹ́ńjìnnì fi kọ́kọ́ lọ sókè tí kò sọ̀ kalẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní lè dáhùn. Ṣùgbọ́n ọkàn mi rẹ̀ débi pé n kò fẹ́ borí mọ́.

"Irọ́ kò yẹ ẹni tó ń wáṣẹ́," ọ̀gá àgbà wí.

"Mo gbọ́, sà."

Mo fẹsẹ̀ rìn jìnnà kí n tó rántí dá ọkọ̀ dúró. Kì í ṣe iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi ló dùn mí. Bó ṣe mú mi kúrò nídìí ẹ̀rọ náà, tó gbé mi jókòó sétí omi bí olùwòran, ni ó dùn mí.

Òun ni wọ́n gbà síṣẹ́. Kò wá bá mi. Ìyá rẹ̀, tó bọ́ àwa méjèèjì ní gbogbo ìgbà tí a fi kọ́ṣẹ́, ló wá láti Ìyìn, tó ru iṣu mẹ́ta wọ ṣọ́ọ̀bù mi.

"Ọmọ mi, o ti gbọ́?" ó ní. "Wọ́n ní ẹ̀rọ òyìnbó tó ṣòro gan-an ni ẹnìkejì rẹ tún ṣe. Mo ní kí n wá sọ fún ẹ, kí inú tìẹ náà lè dùn."

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú oríire, mà." Mo gbé àga fún un, mo sì gba iṣu náà lọ́wọ́ rẹ̀.