Ọjọ́bọ̀ Tí Kò Tíì Mọ́ fún Bàbá Ìyẹ̀fun

Ìdajì owó oṣù kan ni gbèsè tó wọ Bàbá Ìyẹ̀fun lọ́rùn láàárín ìṣẹ́jú kan. Kò jẹ ẹ́, kò mu ún, kò sì fi ra nǹkan kan. Orúnkún ẹlòmíràn ló sọ ọ́ di onígbèsè.

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì ló ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, á gbé àpò ìyẹ̀fun, á pò ó, á tì í sínú ààrò, á fà á jáde. Bó wẹ̀ bí kò wẹ̀, ìyẹ̀fun kì í tán létí rẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Nígbà tí orúnkún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wú, dókítà ní kó kọ́kọ́ máa rìn, kó tó máa sáré, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹsẹ̀ náà kò ní lè dúró lábẹ́ àpò mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ sì ti ń fojú wá ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa rọ́pò rẹ̀. Bàbá Ìyẹ̀fun ní ti arúgbó ni ìrìn, eré ni òun á sá. Láràárọ̀, kó tó lọ sùn, á yà sí pápá ilé ìwé.

Pápá yìí ní òfin tirẹ̀. Ẹni tó yára ló ni ìlà inú. Ẹni tó ń falẹ̀ á bọ́ sí ìta. Bí o bá gbọ́ "Ọ̀nà!" lẹ́yìn rẹ, má jiyàn, yà síta. Apá òsì ni gbogbo wọn ń yí sí, àfi ní Ọjọ́bọ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, ló dá ti Ọjọ́bọ̀ sílẹ̀: kí wọ́n yí sí ọ̀tún, kí orúnkún kan ṣoṣo má baà máa jìyà kọ́nà títí ayé.

Bàbá Ìyẹ̀fun mọ gbogbo èyí bí ẹni mowó. Àmọ́ ẹni tí kò tíì sùn, ọjọ́ kò tíì yí fún un. Nígbà tó kúrò nídìí ààrò láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Ọjọ́rú ló ṣì wà. Ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Ó bọ́ sí ìlà inú, ó dorí kodò, ó yí sí òsì. Kùrukùru bo kọ́nà.

"Ọ̀nà!"

Ó rò pé ẹ̀yìn ni ohùn náà ti wá. Ọmọlúwàbí ni, ó yà síta wéré. Iwájú ni Màmá Nọ́ọ̀sì wà, òun náà sì ti yà síta láti yẹ̀ ẹ́. Gbàà! Ká ní ọkùnrin yìí ya aláìlẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ ni, wọn ì bá ti kọjá lára ara wọn.

"Ọjọ́ wo la wà, ìwọ ọkùnrin yìí?" màmá náà bi í látilẹ̀.

"Ọjọ́rú, mà."

"Ọjọ́rú ilé ta ni?"

Orúnkún màmá náà yẹ̀. Àwòrán egungun, oògùn, báńdéèjì: ìdajì owó oṣù. Bàbá Ìyẹ̀fun ní òun á san án. Nílé, ìyàwó rẹ̀ figbe ta.

"Ṣé wúrà ni wọ́n fi ṣe orúnkún ọ̀hún ni?"

"Egungun ni, ìyá àwọn ọmọ. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó wọ́n."

Díẹ̀díẹ̀ ló ń san án. Nígbà tó mú ti àkọ́kọ́ lọ, Màmá Nọ́ọ̀sì kà á, ó ká a sápò.

"Kò burú. Àmọ́ owó ò lè dì mí mú tí mo bá fẹ́ ṣubú. Wọ́n ní kí n máa rìn, pápá sì ń bà mí lẹ́rù báyìí. Wá bá mi lọ́la."

Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó ti dúró mọ́jú ṣe ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ arúgbó ní ìlà tó jìnnà jù síta. Oorun ń kùn ún. Àwọn ọ̀dọ́ ń kọjá lára wọn fìì.

"Bàbá Ìyẹ̀fun, ìgbín yá jù yín lọ o!"

"Ìgbín kì í sanwó ilé. Ẹ máa lọ!"

Ó ń ṣírò rẹ̀ lọ́kàn: oorun tó ń pàdánù, owó tó ń san, ojú tó ń tì í. Kò rí èrè kankan níbẹ̀. Màmá náà kò sì yéé bá a wí: "Rọra gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀. Àpò kọ́ lò ń jù."

Lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́, ó gbé àpò ìyẹ̀fun, orúnkún rẹ̀ kò dùn ún mọ́. Ó sọ àpò kalẹ̀, ó tún un gbé kó lè dá a lójú.

"Ṣé o fẹ́ kí n sanwó àpò kan lẹ́ẹ̀mejì ni?" ni ọ̀gá rẹ̀ wí. Kò tún sọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin kankan mọ́.

Láàárọ̀ tó san èyí tó kù, Màmá Nọ́ọ̀sì so okùn bàtà rẹ̀ le, ó bọ́ sí ìlà inú.

"Gbèsè ti tán. Lọ sùn."

"Tiyín ló tán, mà. Orúnkún tèmi ṣì ń sin mí ní gbèsè."

Màmá náà rẹ́rìn-ín, ó sá lọ. Bàbá Ìyẹ̀fun yán, ó fọwọ́ nu ojú. Kó tó gbé ẹsẹ̀ ní ìlà ìta, ó yíjú sí obìnrin kan tó ń na iṣan ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ wo la wà?"

"Ọjọ́bọ̀."

Ó yí sí ọ̀tún.