Mẹ́wàá Nínú Mẹ́wàá

Ilé ìwòsàn fẹ́ mọ bí ayé ṣe rí fún àwọn tó ní wárápá. Nọ́ọ̀sì bi Aránṣọ, ọ̀kan nínú wọn, pé, nínú mẹ́wàá, mélòó ni yóò fún ìgbé ayé rẹ̀. Kí obìnrin náà tó la ẹnu, bùrọ̀dá rẹ̀ ti dáhùn.

"A dúpẹ́ o. Mẹ́wàá ni. Ṣé a tún máa ráhùn ni?"

Ẹ gbọ́ ẹnu ọ̀gbẹ́ni! Wọ́n ń wọn ìgbé ayé ẹlòmíì, òun ń dáhùn ìkíni. Ta ni wọ́n kí láàárọ̀ rí tó ní nǹkan ò dáa? Ẹni tí ilé rẹ̀ jó pàápàá á kọ́kọ́ dúpẹ́ ná. Báyìí ni mẹ́wàá ṣe ń kún ìwé wọn, tí àwọn ọ̀gá sì ń fi í yangàn.

Òótọ́ ni pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Wárápá ò dá Aránṣọ wó láti ọdún méjì. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló ń bọ́ ilé, títí dórí bùrọ̀dá, tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa ṣọ́ ọ lọ. Ẹ sì wo ìṣọ́ ọ̀hún: ó yọ irin tí wọ́n fi ń ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ láti inú. Tí Aránṣọ bá ń wẹ̀, ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ díẹ̀, ọ̀gbẹ́ni á kọ̀yìn sí i, á máa pariwo, "Ṣé o wà níbẹ̀?" Obìnrin tó ti lé lógójì ọdún, tọṣẹ tọṣẹ lójú, á máa jẹ́ "mo wà" bí ọmọ ilé-ìwé. Ìtìjú ọ̀rọ̀ náà ń pa á lẹ́kún. Kò fẹ́ nǹkan míì láyé ju irin kékeré yẹn lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n bọ́ síta."

"Èmi?" Bùrọ̀dá fò dìde. "Tó bá ṣubú ńkọ́?"

"Ṣé èmi ò lọ́wọ́ tí màá fi gbé wọn ni?" Nọ́ọ̀sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta. "Ó yá, mélòó?"

"Méjì. Ẹ bá mi gba irin ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mi padà, màá sọ ọ́ di mẹ́jọ."

Nọ́ọ̀sì wo ìwé rẹ̀ títí. Kò síbi tí wọ́n ti béèrè ilẹ̀kùn. Ó dìde kó lọ bá ọ̀gbẹ́ni sọ ọ́. Bó ṣe fa ilẹ̀kùn báyìí, gbìì! Ọ̀gbẹ́ni tó ti lẹ etí mọ́ ọn ṣubú wọlé gbalaja.

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dì í lápá mú.

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o, bùrọ̀dá mi. Láti òní lọ, ṣé kí èmi náà máa dúró tì yín ní balùwẹ̀?"